Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ Àwọn Olùkọ́ Wa Dé Ìdí Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọn

  

Lọ́dọọdún ni a máa ń tẹ àwòrán àwọn olùkọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé-ìwé. A ó kọ orúkọ wọn, a ó kọ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbà, a ó sì kọ ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ẹni tí ń kọ́ nahawu, yóò mọ ẹni tí ń kọ́ fíkíhì, yóò sì mọ ẹni tí pàṣán rẹ̀ gùn jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ náà pé, kí ni olùkọ́ rẹ fẹ́ràn láti máa ṣe nígbà tí kò bá sí ní kíláàsì, ẹnu rẹ̀ yóò wọ́hò. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Èrò tèmi ni pé àìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ó ń pa àwọn ọmọ wa lára, ó ń pa iyì kéwú lára, ó sì yẹ kí á wá nǹkan ṣe sí i.

Ìtàn kan wà tí àwọn onímọ̀ gbà wá nípa Saidina Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ọkùnrin kan fẹ́ jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Umar ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí ó lọ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá. Ẹnì kan dìde, ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Umar bi í bóyá aládùúgbò ọkùnrin náà ni, tí ó mọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá owó ti da àwọn méjèèjì pọ̀ rí. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò rí. Ó tún ní rárá. Umar wá sọ fún un pé kò mọ ọkùnrin náà. Bóyá inú mọ́sáláṣí ni ó ti ń rí i tí ó ń dọ̀bálẹ̀ tí ó ń dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn yìí wé ara wa. Níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí olùkọ́ ọmọ wa náà nìyẹn: nínú sàfù, nídìí pátákó ìkọ̀wé, tàbí lórí àga níbi wólímọ̀. Òṣùwọ̀n Umar fi hàn pé a kò tíì mọ̀ wọ́n.

Àwọn sàhábà kò fi Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun mọ báyẹn. Wọ́n mọ ohun tí ó kọ́ wọn, wọ́n sì tún mọ ìṣe rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ràn. Anas, tí ó sìn ín láti kékeré, rí i pé elégédé ni ó ń ṣà jẹ nínú àwo ọbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ràn oyin. Ìyá wa Aisha sọ pé bí ó bá wà nílé, iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bàtà rẹ̀ ṣe, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀. Ìyá wa yìí kan náà ni ó sọ pé àwọn méjèèjì sáré ìje, òun ṣíwájú. Nígbà tí ó pẹ́, tí ara òun ti wúwo, wọ́n tún sá a, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ṣíwájú, ó fi ṣe àwàdà. Ọmọ kékeré kan wà tí ó ní ẹyẹ kan tí ó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun bi ọmọ náà léèrè ẹyẹ rẹ̀, ó sì bá a dá sí ọ̀ràn náà. Imam Tirmidhi, tí ó kú ní ọdún 279 Hijira, kó irú nǹkan báwọ̀nyí jọ sínú ìwé kan tí orí rẹ̀ lé ní àádọ́ta, tí a ń pè ní Shama'il: bàtà Ànábì, òrùka rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, àwàdà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àìní ọ̀wọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ràn, àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn kì bá tí kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni àìmọ̀ yìí ń ṣe fún wa ní Alábà Rago? Gbogbo wa ni a mọ ibi tí a ń gbé. Rago ni àwọn Háúsá ń pe àgbò, ọjà àgbò ni ó sì fún àdúgbò yìí ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá jáde nílé, àtọ̀túnrọ̀ irin, rédíò àlòkù, aṣọ òkìrìkà, wáyà àti ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí wàláà. Ó ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ún lọ púpọ̀ tí wọ́n ń ka owó. Nígbà tí ó bá dé ilé-kéwú, ó rí olùkọ́ tí ó wọ jálàbíà, tí ó mú ìwé dání, ó sì rò pé ọkùnrin yìí kò mọ ohun mìíràn láyé ju kí ó máa ka ìwé, kí ó sì máa dúró de sàráà. Ọmọ náà yóò sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀nà kéwú àti ọ̀nà oúnjẹ. Ẹ kò ní bá a jiyàn, nítorí kò ní sọ ọ́ síta. Ohun tí ẹ ó kàn rí ni pé nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, tí ó ku díẹ̀ kí ó parí I'dadi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé-kéwú jẹ, lẹ́yìn náà yóò sì di ará ọjà pátápátá. Ìyá rẹ̀ yóò sunkún wá bá wa, yóò ní ayé ti ba ọmọ òun jẹ́. Ayé ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà dá kún un, nítorí pé a fi àáfà hàn án gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ọwọ́.

Irọ́ sì ni. Ẹ wo orúkọ àwọn àgbà onímọ̀ tí a ń ka ìwé wọn, ẹ ó rí i pé orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ló kún ibẹ̀. Al-Qaffal ti ìlú Marw, tí ó kú ní ọdún 417 Hijira, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni tí ń rọ àgádágodo. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nìyẹn títí ó fi tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jókòó ti ìmọ̀, ó sì di ọ̀kan nínú òpó fíkíhì Shafi'i. Al-Zajjaj, àgbà nínú nahawu tí ó kú ní ọdún 311 Hijira, iṣẹ́ dígí ni ó ń ṣe. Nínú owó iṣẹ́ náà ni ó ti ń san dírámù kọ̀ọ̀kan fún olùkọ́ rẹ̀ al-Mubarrad lójúmọ́. Imam Abu Hanifa ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ olówó iyebíye ní ìlú Kufa. Wọ́n ròyìn pé nígbà kan, aṣọ kan tí ó ní àbùkù bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò sọ àbùkù náà fún un. Nígbà tí Imam gbọ́, tí kò sì rí ẹni tí ó ra aṣọ náà mọ́, ó fi gbogbo owó ọjà náà ṣe sàráà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Alábà Rago gbọ́ ìtàn yìí dáadáa! Ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ àlòkù mọ ohun tí a ń pè ní àbùkù abẹ́nú. Bí ó bá mọ̀ pé ọ̀gá àwọn onífíkíhì jẹ́ ọlọ́jà bíi tirẹ̀, kò ní rò mọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dé ìdí àtẹ.

Kí á má lọ jìnnà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ìwé Tarikh al-Fattash, tí ó sọ ìtàn ilẹ̀ Songhay, sọ fún wa pé ní ìlú Timbuktu ìgbà náà, ilé ìránṣọ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní tindi; ọ̀gá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tó àádọ́ta; ti àwọn mìíràn tó àádọ́rin títí dé ọgọ́rùn-ún. Ìlú yìí kan náà ni ìlú Ahmad Baba, tí wọ́n bí ní ọdún 1556, tí ó kú ní ọdún 1627. Ìfẹ́ ìwé ni a fi mọ Ahmad Baba. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Morocco kó o lẹ́rú, ó sọ pé ìwé ẹgbẹ̀jọ ni òun pàdánù, pé tòun gan-an ló sì kéré jù láàrin ti àwọn ẹbí òun. Ní ilẹ̀ tiwa, ìlú kéwú ni Ìlọrin, ìlú aṣọ òfì sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbé Ìlọrin mọ̀ pé kò sí ìjà láàrin wàláà àti òfì.

Ẹ tún wo Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Wọ́n bí i ní ọdún 1917, ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955, ó sì padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun ní ọdún 1992. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ní Èkó àti ká ilẹ̀ Yorùbá ló jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ni ó dá wọn sílẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí olùkọ́ èdè Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gírámà nìkan ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó fẹ́ràn ìtàn. Ó ń wádìí bí ẹ̀sìn Islam ṣe wọ ilẹ̀ yìí, ó ń wádìí orírun Yorùbá àti ìṣe wọn, ó sì fi èdè Lárúbáwá kọ ọ́ kí àwọn ará Íjíbítì àti Sọ́ọ́dì lè kà nípa wa. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n sí olùkọ́ nahawu nìkan, àwa kì bá tí rí ẹni tí yóò tẹ̀ lé e nínú ìmọ̀ ìtàn. Ìfẹ́ tí olùkọ́ ní sí ohun kan máa ń ràn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí iná ṣe ń ràn mọ́ koríko gbígbẹ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kí ó tó lè ràn mọ́ ọn.

Nínú ilé-ìwé wa níbí, èmi kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni láìgba ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Olùkọ́ kan wà láàrin wa tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sinmi láti òpin Ṣábáànù títí di ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀. Òmíràn ń sin àgbò mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìbà. Òmíràn ń tún rédíò ṣe, tí ó fi jẹ́ pé rédíò tí àwọn èèyàn ti sọ nù sí ààtàn ni ó fi ń gbọ́ ìròyìn Lárúbáwá lóru. Òmíràn ń gbin ewébẹ̀ ní etí omi lẹ́yìn Okokomaiko. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wa sì mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an. Ọmọ wo ló mọ̀? Wọn kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹni tí ń sin àgbò, bí ó bá kó kíláàsì rẹ̀ dé ìdí so ẹran, yóò fi ọwọ́ hàn wọ́n àbùkù mẹ́rin tí kò jẹ́ kí ẹran dára fún Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ kedere, èyí tí ń ṣàìsàn kedere, èyí tí ń tiro kedere, àti èyí tí ó rù tí kò ní mùdùnmúdùn nínú egungun. Yóò ṣàlàyé sàká ẹran: ogójì àgùntàn, ọ̀kan ni, bí ó bá di mọ́kànlélọ́gọ́fà, méjì, bí ó bá di igba ó lé ọ̀kan, mẹ́ta. Ọmọ tí ó ti ń há èyí sórí láti inú ìwé láti ọdún méjì kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́ láé. Ẹni tí ń gbin ewébẹ̀ yóò fi kẹ́ẹ̀nì omi tí ó ń gbé ṣàlàyé ìdí tí sàká irúgbìn tí òjò bomi rin fi jẹ́ ìdámẹ́wàá, tí èyí tí ènìyàn fi wàhálà bomi rin sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú ogún. Ẹni tí ń ṣọnà fìlà yóò kọ́ wọn ní sùúrù, èyí tí kò sí ìwé tí ó lè kọ́ni tó abẹ́rẹ́ àti òwú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Àwọn àgbà kan yóò ní bí ọmọdé bá ti mọ àáfà jù, yóò rí i fín. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rù. Ọmọ tí ń bẹ̀rù olùkọ́ yóò dákẹ́ níwájú rẹ̀. Bí nǹkan bá ń ṣe é nílé, bí ẹni burúkú kan bá ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra ní ọjà, kò ní sọ fún un. Ọmọ tí ó ti bá olùkọ́ rẹ̀ di okùn àgbò mú yóò sọ ọ́, nítorí ó ti rí i pé ènìyàn ni. Àwọn mìíràn yóò ní eré ṣíṣe kò yẹ àáfà. Kí wọ́n rántí Imam Shafi'i, tí ó kú ní ọdún 204 Hijira. Wọ́n gbà wá pé ohun méjì ni ó fẹ́ràn ní kékeré: ìmọ̀ àti ọfà títa, àti pé bí ó bá ta ọfà mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò ba. Ọfà kò dín Imam kù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wí ní ààlà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi bojú ṣe ohun tí kò tọ́. Mímọ iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ kì í ṣe kí á sọ ọmọ ọlọ́mọ di lébìrà. Àwọn ilé-kéwú kan wà láyé àtijọ́, àwọn kan sì ṣì wà, tí ọmọ ń roko àáfà láti àárọ̀ títí di alẹ́ tí kò rí sábàbí kan kà. Àbòsí ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Èkejì, kí ọmọ kan má dá lọ sí ilé olùkọ́ kankan, pàápàá ọmọbìnrin. Kí wọ́n lọ pọ̀, kí òbí mọ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀, kí ó sì jẹ́ ní ojú ọ̀sán gbangba. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tí kò bá fẹ́ kí á mọ ohun tí ń ṣe nílé ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Ilé onílé ni ilé rẹ̀.

Pẹ̀lú àwọn ààlà wọ̀nyí, mo dá àbá mẹ́ta. Èkíní, láti ìwé ìròyìn ọdún tí ń bọ̀, kí á ya ojú ìwé méjì sọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́, kì í ṣe fún ìwé-ẹ̀rí wọn, bí kò ṣe fún ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe àti ohun tí ọkàn wọn fẹ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Thanawi fúnra wọn lọ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá àti ní Lárúbáwá. Ìdánwò ìnṣáù ni ìyẹn náà yóò jẹ́. Èkejì, kí á mú ọjọ́ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò gbé irinṣẹ́ wọn wá sí ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ yóò rí i, tí wọn yóò sì kọ́ orúkọ irinṣẹ́ náà ní Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lè sọ àsọyé nípa ọ̀run ní èdè Lárúbáwá, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí Lárúbáwá ń pe abẹ́rẹ́, ọkọ́ tàbí òòlù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyá olùkọ́ wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, má ṣe gbẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń se àdín tàbí bí a ti ń hun kànìnkànìn ní ohun tí yóò fi han àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ló kù fún yín. Ohun tí ẹ ń san fún wa kò tó gbọ́ bùkátà. Ẹ mọ̀, àwa náà mọ̀. Olùkọ́ tí ó ń ránṣọ tàbí tí ó ń sin ẹran, apá kan rẹ̀ ìfẹ́ ni, apá kejì rẹ̀ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ó gbé ọjà rẹ̀ dání, ẹ má fi ojú àbùkù wò ó, kí ẹ má sì sọ níwájú ọmọ yín pé àáfà ti di ọlọ́jà. Ànábì Dáúdà ń fi irin rọ ẹ̀wù ogun, oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Ànábì Sakariyau jẹ́ káfíńtà. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun Muhammad fúnra rẹ̀ da ẹran fún àwọn ará Mọ́kà. Ẹni tí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ aṣíwájú fún kò ní ohun ìtìjú. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ra fìlà ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé olùkọ́ òun ni ó ṣe é.

Bí ọmọ wa bá mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ń ṣí Àlùkùránì fún òun ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, yóò ṣòro kí ọjà Alábà Rago tó lè sọ fún un pé kí ó yan ọ̀kan. Yóò di ìwé mú, yóò di irinṣẹ́ mú. Irú Musulumi tí à ń fẹ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi bárákà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olùkọ́ wa, kí Ó fi ìmọ̀ tí ó ń ṣàǹfààní fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì má jẹ́ kí á di ẹni tí ń jọ gbé tí kò mọ ara rẹ̀. Àmín.